Ẹ Ṣí Fèrèsé Kí Ẹ Tó Ní Kó Dán

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn onílé tó wà lókè òkun mójú tó ilé wọn ní Ìkòsì, ní Kétu àti ní ìhà Àlápẹ́rẹ̀. Èmi ni mò ń gba owó ilé, èmi ni mò ń wá pọ́lọ́ńbà, èmi náà sì ni àwọn ayálégbé ń bínú sí nígbà tí omi kò bá yọ. Nínú gbogbo àtúnṣe tí a máa ń ṣe kí ayálégbé tuntun tó kó wọlé, kò sí èyí tí wọ́n ń fojú kéré tó kíkun báàtọ́ọ̀bù. Onílé á wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, á rí i pé ọpọ́n ìwẹ̀ náà ti pọ́n, ó sì ti ha, á ní: "Àǹtí, ẹ sáà ní kí wọ́n fín in ní funfun." Kò ní béèrè bóyá balùwẹ̀ náà ní fèrèsé. Kò ní béèrè ẹni tí yóò kúnlẹ̀ síbẹ̀ láti fín in.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin alámòójútó ilé bíi tèmi sọ ni pé iṣẹ́ báàtọ́ọ̀bù kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó ń fín ọ̀dà bá gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ dé. Ọwọ́ wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fa balùwẹ̀ tí kò tíì múra sílẹ̀ lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ ti da owó ara rẹ̀ nù. Bí balùwẹ̀ ọ̀hún kò bá sì ní atẹ́gùn, ó ti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún báàtọ́ọ̀bù kùn kú sẹ́nu iṣẹ́ nínú balùwẹ̀. Àwọn olùwádìí Michigan State University tọpa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ kú irú ikú yẹn. Nígbà tó di 2012, àjọ CDC, tó ń rí sí ètò ìlera wọn lọ́hùn-ún, gbé e jáde pé láàárín ọdún 2000 sí 2011, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tó kú bẹ́ẹ̀ jẹ́ 13. Ohun kan náà ló pa gbogbo wọn. Kẹ́míkà kan ni, methylene chloride, tó wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára nǹkan. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn náà, ara ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé a lè lò ó fún báàtọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń pani, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ oníṣẹ́ láéláé. Èéfín kẹ́míkà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Kì í gòkè lọ bá fèrèsé fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ló ń kóra jọ sí, níbi tí ẹni tó ń ha ọ̀dà ti tẹrí ba tó sì ń mí. Orí á kọ́kọ́ máa fò ó, á rẹ̀ ẹ́, oorun á gbé e lọ síbẹ̀. Ara á tún sọ díẹ̀ nínú kẹ́míkà náà di carbon monoxide, èéfín burúkú kan náà tó ń ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú ní Èkó wa yìí. Ní ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kí wọ́n má tà á mọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi bó ọ̀dà nílé ara rẹ̀. Ní 2024, wọ́n tún fẹ òfin náà lójú débi pé ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò lè lò ó mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ọkọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ oògùn tó ń bó ọ̀dà. Wọ́n á gbé e fún yín, wọn ò ní béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ bá mi yí agolo náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí methylene chloride, tàbí dichloromethane, tàbí DCM, nǹkan kan náà ni. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Nínú ilé tí mo bá ń mójú tó, oògùn yẹn kì í wọlé. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára ọpọ́n náà, sáńpépà àti omi ni a ó fi bó o, ó pẹ́ ni, ó yá ni.

Àwọn tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọ̀dà ọkọ̀ ni wọ́n kọ́. Ọ̀dà ọkọ̀ náà ni wọ́n ń gbé wá, èyí tí wọ́n ń po hádínà mọ́. Ọ̀dà gidi ni, ó máa ń le, ó máa ń dán, mi ò bá a jà. Àmọ́ inú hádínà yẹn ni ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ HSE tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ kà á mọ́ ohun tó ń fa asíímà jù lọ fún òṣìṣẹ́, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ fín in gbọ́dọ̀ lo ìbòjú tí páìpù ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá sínú rẹ̀ láti ìta. Ìbòmú tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò lè dá a dúró. Nígbà tí ọmọkùnrin kan ń fín ọ̀dà ọkọ̀ ní gbàgede, atẹ́gùn Ọlọ́run ń bá a gbé díẹ̀ lọ. Nínú balùwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ibùsùn méjì lọ, kò sí ẹni tó ń bá a gbé e.

Mo rí ọmọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé kan tí kò jìnnà sí òpópónà Demurin. Fèrèsé balùwẹ̀ náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kan páàkó mọ́ ọn látìgbà tí ará ẹ̀gbẹ́ ilé ti kọ́lé dé etí ògiri. Ọmọ náà ti bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti so ó mọ́ imú. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ki orí bọ inú ọpọ́n náà débi pé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, ó ń fi kànìnkànìn tó rẹ sínú tínà nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fín ọ̀dà, ojú mi ti ń ta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní kó jáde. Ó ní: "Mummy, ẹ má ṣèyọnu, ó ti mọ́ mi lára." Mo ní kó jáde síbẹ̀síbẹ̀. A wá hámà, a yọ páàkó náà kúrò, a fi fáànù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó tó padà wọlé. Mímọ́ tó ní ó ti mọ́ òun lára yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tí hádínà bá ti sọ di alásíímà, ìwọ̀nba kékeré báyìí ló tún máa dá a dúbúlẹ̀ nígbà mìíràn, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́.

Ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀? Òfin wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2010, Employee's Compensation Act, pé kí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ gba owó ìrànwọ́. Ẹni tí ẹnì kan gbà síṣẹ́ ni òfin náà ń wò. Ọmọ tí a pè láti ẹ̀gbẹ́ títì, tí a fún lówó iṣẹ́ tán, kò ní ọ̀gá kankan tó lè tọ́ka sí. Lagos State Safety Commission náà wà, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ló gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò wá yẹ balùwẹ̀ yín wò ní òpópónà kékeré kan ní Ìkòsì. Ẹ̀yin tí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé bí ewu rẹ̀ bá pọ̀ tó báyìí, kí a kúkú hú ọpọ́n náà dànù kí a ra tuntun. Mi ò gbà. Ọpọ́n inú àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí, irin gidi ni. Tí ẹ bá fẹ́ hú u, táìlì ẹsẹ̀ ògiri á fọ́, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ á là, àjà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù á fi kẹ̀kẹ́ wọn gbé e lọ ní owó tí kò tó nǹkan, bóyá ibi tí wọ́n ti ń ra irin ní Òwòdè Onírin ló máa balẹ̀ sí, ẹ ó sì wá lọ ra oníke tó ń dún kó-kó-kó lábẹ́ ẹsẹ̀ dípò rẹ̀. Ohun tó ṣì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.

Bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, ó yẹ ká mọ ohun tó jẹ́. Ohun tó ń dán lára ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́, tánńganran ni, irú èyí tó wà lára àwo tí àwọn ìyá wa fi ń bu ọbẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá já bọ́, díẹ̀ lára rẹ̀ á hó, dúdú irin á sì yọ. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń kù sára irin gbígbóná, tí iná tó tó ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius á fi yọ́ mọ́ ọn lára. Ní 1883 ni John Michael Kohler, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n yìí sọ ọpọ́n irin tí àwọn àgbẹ̀ ń lò fún ẹran ọ̀sìn di ọpọ́n ìwẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe é títí dòní. Orí gíláàsì ni ọ̀dà tuntun fẹ́ dúró sí, ẹ ò rí i? Gíláàsì kì í di ọ̀dà mú. Ìyẹn ló fà á tí a fi gbọ́dọ̀ ha ojú rẹ̀ kó lè rí ibi dì mọ́, tí a sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó má ku òróró kankan. Àwọn mìíràn ń fi ásíìdì jẹ ojú rẹ̀ dípò sáńpépà. Bó bá jẹ́ hydrofluoric ni ásíìdì náà, ó lè wọ ara lọ títí dé egungun kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Òun náà kì í wọlé tí mo bá ń mójú tó.

Ní tèmi, inú balùwẹ̀ kọ́ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Sọ́kàwéè ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò. Àwa tí a wà ní ìhà Máìlì 12, Àgìlìtì àti Òwòdè mọ ohun tí Odò Ògùn máa ń fojú wa rí ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ti pọ̀ lókè, tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Omi inú ilẹ̀ á ga, sọ́kàwéè kò ní gba omi mọ́, ohun tí a dà lọ á sì tún gba ihò ọpọ́n ìwẹ̀ padà wá bá wa. Mo ti rí ọ̀dà tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí omi ẹlẹ́gbin bẹ́ẹ̀ gòkè wá bá, gbogbo ìdí rẹ̀ wú, ó sì ṣí bí èèpo. Ẹ kó sọ́kàwéè kí ẹ tó kun ọpọ́n, tàbí kí ẹ dúró dìgbà tí odò bá fà.

Lẹ́yìn náà ni táàpù. Táàpù tó ń kán tó, tó, tó kò gbọ́dọ̀ wà lókè ọpọ́n tí wọ́n fẹ́ kùn. Wáṣà tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ni pọ́lọ́ńbà máa fi dá a dúró, ṣùgbọ́n èèyàn á gbójú fò ó, omi á kán sórí ọ̀dà tútù láti alẹ́ dòwúrọ̀, àpá rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Àní ẹ pa omi ibẹ̀ láti orísun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí gbogbo ibẹ̀ gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn.

Èyí ló mú wa dé orí ohun tí ìwé òyìnbó kankan kò ní sọ fún yín. Ní Kétu, ta ló ń dùbúlẹ̀ sínú báàtọ́ọ̀bù wẹ̀? Inú rẹ̀ là ń tọ́jú omi sí. Àwọn dúróòmù wà nínú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì wà, bákẹ́ẹ̀tì wà, àwa náà á dúró sí àlàfo tó kù láti fi kọ́ọ̀pù bu omi sára. Bí oníṣẹ́ bá ń bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti wá ibi tí omi yẹn máa wà, kí ẹ sì ti bá ará ilé kejì sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù pé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ á máa wá wẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ayálégbé tí a kò bá sọ èyí fún ṣáájú, òru ni yóò wọ inú ọpọ́n tútù náà lọ wẹ̀. Ẹ ò lè bínú sí i, torí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀.

Ìpọ́n tó wà lára ọpọ́n, omi bọ́họ̀ọ̀lù ló ń fà á. Irin wà nínú omi ilẹ̀ wa, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ló ń pọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe ni pé wọ́n á da Hypo sí i, èyí ló sì ń mú kí ó pọ́n sí i, nítorí Hypo ń ran ìpọ́n irin lọ́wọ́ ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ló ń yọ ọ́: ẹ fi rẹ aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da Hypo pọ̀ mọ́ fínígà, ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì. Èéfín chlorine ló máa jáde, àyà ló ń dì pa.

Ọṣẹ tó ti dì mọ́ ara ọpọ́n náà tún wà. Bẹ́ẹ̀ ni òrí, àdí àgbọn àti gbogbo ìpara tí a fi ń ra ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ibi tí òróró bá kù sí ni ọ̀dà ti máa ń sá fún, á fi ojú kékeré róbótó sílẹ̀ káàkiri. Ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ fi omi ṣan án dáadáa. Kí ẹ tó sọ pé ó mọ́, ẹ da omi tútù gba ojú rẹ̀ láti òkè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn wò. Bí omi náà bá tẹ́ lọ geere bí aṣọ, ó ti mọ́. Bó bá já sí kíkán-kíkán, tí ó ń sá kúrò níbì kan, òróró ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí lójú oníṣẹ́, kí àwa méjèèjì lè jọ rí i, kó má di pé ó ń tì í sí mi lọ́rùn, tí èmi náà ń tì í sí i.

Sílíkóònù tó wà láàárín ọpọ́n àti táìlì, ẹ fi abẹ gé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, bí ó ti wù kí wọ́n fín in tó. Tuntun ni a ó fi sí i nígbà tí ọ̀dà bá ti gbẹ tán.

Nípa sáńpépà: omi ni kí wọ́n fi máa ha, kí eruku má fò. Lẹ́ẹ̀dì lè wà nínú tánńganran àtijọ́. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku lẹ́ẹ̀dì láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù nínú ọgbà ilé pa àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ. Ti balùwẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rákò lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín kò mọ̀yàtọ̀. Kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ìyókù, kí aṣọ náà lọ sínú láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a.

Kí oníṣẹ́ tó dé, kí balùwẹ̀ ti ṣófo: búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu, tówẹ́ẹ̀lì, kọ́tìnì, ọṣẹ, bàtà ilé ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò ṣeé gbé, bí àwo ilé ìgbẹ́ àti bésìnì, kí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù àti téèpù bò ó. Ọ̀dà tí wọ́n ń fín máa ń rìn jìnnà, lórí jígí yàrá ni mo ti bá a rí.

Kí àwọn ọmọdé, aboyún, arúgbó àti ẹni tó ní asíímà kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má sì tètè padà. Kí wọ́n pa gáàsì ìdáná, kí wọ́n pa sítóòfù, kí ẹnikẹ́ni má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, nítorí èéfín tínà máa ń gbiná. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kò sí ìwúlò kí a ṣí fèrèsé nítorí ọ̀dà kí a sì fi í gba èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni fáànù ń dúró sí, ó ń ti atẹ́gùn tútù wọlé, kí èyí tó ti bàjẹ́ gba fèrèsé jáde. A kì í gbé fáànù síbi tí èéfín tínà ti máa gba inú mọ́tò rẹ̀ kọjá.

Ìgbà tí a ń ṣe é náà ṣe pàtàkì. Nígbà òjò ńlá, oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí ojú ọ̀dà ṣú, kí dídán rẹ̀ di bíi ti èérú. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku á bà lé e. Oṣù Kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù, lẹ́yìn tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Bó bá ti parí, ẹ má fi omi kàn án títí ọjọ́ tí ẹni tó ṣe ọ̀dà náà kọ sára agolo rẹ̀ á fi pé, ó sì sàn kí ọjọ́ lé díẹ̀ ju kó dín lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ta kànìnkànìn onírin nù. Ẹ má gbé dúróòmù padà sínú rẹ̀, ẹ ra àga kékeré tí ẹ ó máa gbé bákẹ́ẹ̀tì lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Gbogbo èyí ń gba ọjọ́, ọjọ́ sì ni owó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin tó wà ní Houston, ní Peckham àti ní Magodo tí ilé yín wà ní Kétu. Bí oníṣẹ́ bá sọ iye owó fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni yóò fi fọ̀ ọ́, tí yóò fi ha á, kí ẹ sì sanwó ọjọ́ yẹn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀, ohun tó máa fò ni ìmúra, bóyá kí òun náà lè jẹun lórí owó kékeré tí ẹ ní ẹ fẹ́ san. Ẹ sanwó ìbòjú gidi fún un. Bí kò bá ní, ẹ ra ọ̀dà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí rólà kùn dípò èyí tí wọ́n ń fín. Kò ní dán tó ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í kún gbogbo afẹ́fẹ́ inú yàrá.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, mo sì tún máa gbé e lọ. Ohun tí mo ń béèrè kò tóbi: kí ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ àti àwọn ti Ìkòsì-Ìṣẹri àti Agbóyì-Kétu pe àwọn ọmọ tó ń fín ọ̀dà jọ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, kí wọ́n fi agolo oògùn tó ń bó ọ̀dà hàn wọ́n, kí wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀yìn rẹ̀, ní Yorùbá. Kí ìyẹn tó dé, onílé kan tí mo ń bá mójú tó ilé ti fi owó fáànù ńlá kan ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Alámòójútó ilé tó bá fẹ́ kun báàtọ́ọ̀bù ní àdúgbò wa, kó wá yá a lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, kó sì mú wáyà tó gùn dání.